Òróró Ẹ̀fínrín Inú Ìgò: Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìfi Pa Ara Ẹni Lára

Láti Ṣágámù títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀fínrín kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. A ń já a sínú ọbẹ̀ ata, a ń ra á sínú omi fún inú rírun, a ń sè é mọ́ àgbo. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ìgò kékeré oní-mílílítà 10 tí wọ́n kọ “Basil Essential Oil” sí lára, tí àwọn tó ń ta ìpara àti ọṣẹ ń kó sórí àtẹ. Ẹni tó bá rà á sábà máa ń lò ó bí ẹni ń lo ewé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ooru omi ni wọ́n fi ń yọ òróró yìí. Ooru náà a gba àárín ewé kọjá, a gbé òórùn rẹ̀ lọ. Nígbà tó bá tutù tó di omi padà, òróró a léfòó sókè. Kílò kan ewé tútù kì í sábà mú ju gíráàmù 2 sí 5 jáde. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹ̀kán kan dúró fún bíi gíráàmù 10 sí 20 ewé, ṣíbí ìmutíì kan dúró fún kílò kan sí méjì. Kò sí ìyá àgbà kan ní Rẹ́mọ tí yóò ra kílò méjì ẹ̀fínrín sínú ife kan fún ènìyàn mu. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í mu òróró yìí, tí a kì í sì í kán an sínú tíì, ẹ̀kọ tàbí ìkọ́kọrẹ́. Tí ọbẹ̀ bá ń wá òórùn ẹ̀fínrín, ewé wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nínú ìgò

Orúkọ “basil” nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín. Oríṣiríṣi ni ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, iye tí awọ ara lè gbà sì yàtọ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó rà kò lè mọ iye ẹ̀kán tó yẹ kó lò, ohun yòówù kí ẹni tó tà á fún un sọ.

Ocimum basilicum ni ẹ̀fínrín wẹ́wẹ́, òun náà ni basil àwọn Òyìnbó. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni òróró rẹ̀ pín sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí linalool, kẹ́míkà olóòórùn kan, pọ̀ nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ fúyẹ́, ó jọ ti òdòdó, lára ìgò wọn a máa kọ “ct. linalool” (“ct.” ni ìkékúrú chemotype, ìyẹn irú èyí tó jẹ́). Lọ́pọ̀ ìgbà, láti Íjíbítì, Faransé tàbí Ítálì ló ti ń wá. Èyí ló rọrùn jù fún ara. Èkejì ni èyí tí estragole pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n tún ń pè ní methyl chavicol. Òórùn rẹ̀ dùn, ó sì mú, ó jọ ti aniseed, èso wẹ́wẹ́ olóòórùn dídùn kan. Láti Kómórò, Réunion, Fiẹtnámù tàbí Íńdíà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ estragole di ohun tó lè ba àbùdá inú ara jẹ́. Ní 2001, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lórí oúnjẹ pinnu pé ó lè fa jẹjẹrẹ. Ìwọ̀n díẹ̀ tó wà nínú ewé tí a fi se ọbẹ̀ kò tó èyí tó wà nínú òróró, níbi tí estragole ti lè ju ìdajì gbogbo rẹ̀ lọ.

Ocimum gratissimum ni ẹ̀fínrín ńlá tiwa, èyí tó ga tó ènìyàn lẹ́yìn ilé. Thymol ló sábà máa ń pọ̀ nínú òróró rẹ̀ nílẹ̀ yìí, ohun kan náà tó wà nínú omi ìfọ̀nu Listerine. Òmíràn wà tí eugenol pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló máa ń rùn bíi kànáfùrù. Thymol máa ń ta awọ ara, eugenol kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Tulsi tí àwọn ará Íńdíà ń kó wá, Ocimum tenuiflorum, eugenol lòun náà sábà máa ń ní.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ wá orúkọ Látìnì lára ìgò, orílẹ̀-èdè tí ewé ti wá, irú èyí tó jẹ́, nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà ìpele tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé àyẹ̀wò tó fi iye linalool àti estragole hàn, ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Tí gbogbo ohun tó wà lára ìgò bá jẹ́ “100% Pure” àti àwòrán ewé, ẹ kà á sí èyí tí estragole pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ má fi kan ara.

Àdàlù kan tó wọ́pọ̀ ni òróró ẹ̀pà tàbí irú òróró ìdáná mìíràn. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ojúlówó yóò fò lọ, àpá tó kù kò ní ju díẹ̀. Tí ojú bébà bá ń dán bí èyí tí wọ́n fi wé àkàrà, wọ́n ti lú u. Àyẹ̀wò yìí kò lè mú linalool ayédèrú tí wọ́n ṣe nínú ilé iṣẹ́ kẹ́míkà o, torí òun náà ń fò lọ. Iye owó ló sábà máa ń tú àṣírí ìyẹn: ìgò tó pọ́ọ́kú gan-an kò lè jẹ́ ojúlówó, tí a bá rántí iye ewé tó ń wọ inú rẹ̀.

Wíwọ̀n àti pípò

Ẹ ra sírínjì mílílítà 1 tí kò ní abẹ́rẹ́ ní kẹ́mísì. Ẹ ka iye ẹ̀kán ìgò yín tó kún un. Púpọ̀ ìgò ń fún ní 20, àwọn mìíràn dé 30, ó dá lórí ihò ẹnu wọn. 20 ni a fi ṣe ìṣírò ìsàlẹ̀ yìí. Fún òróró tí ẹ máa fi pò ó, ife kékeré onílà tó máa ń bá oògùn ikọ́ ọmọdé wá dára ju ṣíbí lọ, nítorí ṣíbí ilé kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì.

Fún mílílítà 30 òróró tí àgbàlagbà máa fi para:

- Basil onílinalool: ẹ̀kán 6, ìyẹn 1%. Fún ojú ibì kan péré, bí orúnkún tàbí ẹ̀yìn ọrùn, fún ọjọ́ díẹ̀, ó lè dé ẹ̀kán 12. Kò gbọdọ̀ kọjá 3% láéláé.
- Ẹ̀fínrín ńlá tàbí tulsi: ẹ̀kán 3, ìyẹn 0.5%. Ẹ má fi kún un.
- Basil oní-estragole: 0.1% ni òpin rẹ̀, ẹ̀kán kan kò sì pé nínú mílílítà 30. Ẹ fi sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ilé àti ìnulẹ̀.

Òróró àgbọn dára fún pípò, ṣùgbọ́n ó máa ń dì tí ọyẹ́ bá dé. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sínú omi gbígbóná kí ó yọ́ kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Àdín ń ṣiṣẹ́, àmọ́ òórùn tirẹ̀ yóò bo ti ẹ̀fínrín mọ́lẹ̀ pátápátá, owó yín á sì ṣòfò. Tó bá jẹ́ òrí ni, ẹ yọ́ ọ lórí omi gbígbóná, kí ẹ gbé e kalẹ̀ títí ìka yóò fi lè wọ inú rẹ̀ láìjó yín, nígbà náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kán òróró ẹ̀fínrín sí i. Ẹni tó kán an sínú òrí tó ń hó ti jẹ́ kí púpọ̀ nínú rẹ̀ fò lọ. Vaseline kò dára fún èyí: orí awọ ló ń wà, ó sì máa ń ki jù láti pò dọ́gba.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá pò ó, ẹ fi díẹ̀ sí inú ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ má fọ ibẹ̀ fún wákàtí 24. Tó bá pọ́n, tó ń yún tàbí tó wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má rò pé ara yóò mọ́ ọn lára. Tí awọ bá ti kọ òróró kan, kì í sábà gbà á padà mọ́ láyé. Ẹni tí ara rẹ̀ ti kọ linalool tó ti bàjẹ́ lè wá máa yún nítorí lọ́fíńdà, ọṣẹ àti ìpara tó ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Àwọn tó ń fi ìka kan ìgò kan ara láìpò ó ló sábà máa ń bá a pàdé.

Kò sí ibi tó yẹ kó wọ nínú ojú, ihò imú, etí, ojú ara, ojú egbò, orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi relaxer sí, tàbí àgbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ní ti oòrùn, basil kì í jẹ́ kí oòrùn jó awọ bí òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe máa ń ṣe, ẹ lè fi para ní ọ̀sán.

Ohun tó ń ṣe dáadáa, àti ohun tí kò lè ṣe

Iṣẹ́ tó mọ̀ jù ni fífi para fún ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tó rẹ̀: ẹ pò ó bí a ti sọ lókè, kí ẹ fi ọwọ́ fà á lọ sókè láti kókósẹ̀ sí orúnkún fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìwọ̀n kan náà dára fún awọ orí. Ẹ fọ̀ ọ́ kúrò ní ọjọ́ kejì.

Fún òórùn inú ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀kán 3 sí 5 nínú mílílítà 100 omi inú ẹ̀rọ dífúsà ti tó. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ pa á, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Fífi í sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kì í mú kí òórùn pọ̀ sí i, torí imú ti mọ́ ọn lára. Orí fífọ́ àti èébì ló ń fà. Tí iná kò bá sí, àwo omi gbígbóná kan àti ẹ̀kán 2 ń ṣe é. Ẹ má kán an sórí àbẹ́là, àtùpà tàbí iná sítóòfù, torí ó ń gbiná. Ẹ lé ológbò jáde nínú yàrá kí ẹ tó tan dífúsà: ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè tú irú kẹ́míkà wọ̀nyí ká bí ti ènìyàn.

Ẹni tí imú rẹ̀ dí lè fa ooru rẹ̀: ẹ̀kán 1 sí 2 nínú abọ́ omi gbígbóná tí kò hó mọ́, ojú ní dídì, aṣọ lórí, fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ̀kán 5 yóò mú omi bọ́ lójú yín débi tí ẹ ó fi sá fún abọ́ náà. Ẹ má ṣe é fún ọmọdé, torí omi gbígbóná gan-an léwu ju òróró lọ.

Omi ìwẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í ṣe. Òróró kì í pò mọ́ omi. Tí ẹ bá kán an sínú korobá, yóò léfòó, igbá àkọ́kọ́ tí ẹ bá bù yóò kó gbogbo rẹ̀ dà sí ibì kan lára yín ní ògidì. Ẹ kọ́kọ́ po ẹ̀kán 3 mọ́ mílílítà 15 ọṣẹ olómi tí kò ní òórùn, ọṣẹ náà ni kí ẹ fi wẹ̀. Ìlànà kan náà ló wà fún omi ìnu tábìlì: ẹ̀kán 10, mílílítà 15 ọṣẹ olómi, mílílítà 500 omi, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ lò ó tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta, nítorí kò sí ohun tí yóò dá ìdíbàjẹ́ rẹ̀ dúró. Kò lè ṣe iṣẹ́ Jik níbi tí ẹ ti gé ẹran, ẹ má sì pò ó mọ́ Jik.

Ẹ̀fọn ńkọ́? Òótọ́ ni pé òórùn rẹ̀ ń lé e, ṣùgbọ́n kò ju wákàtí kan sí méjì lọ tí yóò fi fò lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọn ibà ń jẹ ènìyàn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ fi para tí ẹ bá jókòó níta ní ìrọ̀lẹ́ tó bá wù yín. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ sùn. Tí ibà bá sì ti wọlé, àyẹ̀wò àti oògùn ló kù, dífúsà kò kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé

Èyí tó rọrùn, tí a sì máa ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ ṣe, ni ewé tí a rẹ sínú òróró. Ẹ sá ewé ẹ̀fínrín sí ibòji fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi máa rún lọ́wọ́. Gíráàmù 30 ewé gbígbẹ, mílílítà 250 òróró àgbọn. Ẹ kó wọn sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò, kí ẹ gbé ìgò náà sínú ìkòkò omi tó gbóná tí kò hó, fún wákàtí méjì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, kí ẹ lò ó tán láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ má fi ewé tútù ṣe é: omi ara ewé ló ń mú un hu, tó sì ń mú un kan. Òróró yìí kò le rárá ní ìfiwéra pẹ̀lú ti inú ìgò, kò sì nílò pípò.

Yíyọ òróró gidi gba ohun èlò. Àwọn tó ń sè ògógóró ní ìhà Ògùn Wọ́tásáìdì mọ ọgbọ́n rẹ̀ dunjú: ìkòkò lórí iná, páìpù, omi tútù, ohun ìgbà-á-sí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a kì í sọ ewé sínú omi. Ìkòkò alágbára tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò, kí ó ní àtẹ oníhò nínú. Omi wà nísàlẹ̀, ewé wà lókè àtẹ. Ẹ má lo dúróòmù epo, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má lo páìpù tí wọ́n fi òjé jó pọ̀, torí òjé yóò wọ inú òróró.

Ẹ gé ẹ̀fínrín nígbà tó bá ń yọ òdòdó, ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji fún wákàtí mélòó kan kó rọ díẹ̀, kó lè gba ìkòkò. Ẹ kó o sínú rẹ̀ láìkì í pa, kí ooru lè ráyè kọjá. Ẹ fi fúláwà pípò lẹ ẹnu ìdérí. Tí ooru bá rí ojú ọ̀nà mìíràn, òróró yóò bá a lọ. Iná kò gbọdọ̀ le. Láàárín wákàtí kan sí méjì, èyí tó pọ̀ jù ti jáde. Kílò 5 ewé lè mú gíráàmù 10 sí 25 wá bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Nínú ìkòkò ilé, kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tún ara rẹ̀ ṣe. Òórùn jíjóná: omi ìsàlẹ̀ ti gbẹ, tàbí ewé ti já sínú rẹ̀. Omi tó ń jáde lẹ́nu páìpù gbóná lọ́wọ́: omi ìtutù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, òróró sì ń fò lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ohun kankan kò jáde mọ́ tí ìkòkò sì ń kùn: ewé ti dí páìpù, ẹ pa iná lójú ẹsẹ̀, kí ẹ má sì ṣí ìdérí títí yóò fi tutù, kí ó má bàa bú. Òróró kò yà sọ́tọ̀ lára omi: eugenol ló pọ̀ nínú ewé yín, ó wúwo ju omi lọ, ó sì lè wà káàkiri nínú rẹ̀, ẹ da iyọ̀ sí omi náà, ẹ rò ó, kí ẹ jẹ́ kó jókòó di ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó fi irú òróró yìí kan ara, ẹ rántí pé kò sí ìwé àyẹ̀wò kankan tó bá a wá. Ìwọ̀n ẹ̀fínrín ńlá, ẹ̀kán 3 nínú 30, ni kí ẹ dúró lé lórí tó bá jẹ́ ẹ̀fínrín ńlá lẹ sè. Tó bá jẹ́ ẹ̀fínrín wẹ́wẹ́, tó sì ń rùn bí aniseed, ilẹ̀ ni kí ẹ fi nù.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì: kò sí ìwọ̀n tó dára fún un, yálà lórí àyà, ní imú tàbí nínú omi. Láti ọdún méjì sí mẹ́fà, ẹ̀kán 1 péré nínú mílílítà 30, onílinalool nìkan. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lo oní-estragole rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kó yẹra fún ẹ̀fínrín ńlá àti tulsi. Oníwárápá àti ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ bá dókítà wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tan dífúsà.

Ìtọ́jú, àti bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Ìgò gíláàsì aláwọ̀ dúdú, ìdérí líle, ibi tí ó tutù, tí ọwọ́ ọmọdé kò dé. Kì í ṣe ojú fèrèsé, kì í ṣe inú mọ́tò. Òróró yìí ń jẹ ike fẹ́lẹ́ àti orí rọ́bà dírọ́pà, torí náà ẹ má fi dírọ́pà sílẹ̀ lẹ́nu ìgò. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sí ara rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, tàbí nígbàkigbà tó bá ki, tó ń lẹ̀ lẹ́nu, tí òórùn rẹ̀ sì ti yí, kò gbọdọ̀ kan ara mọ́. Ẹ da èyí tó bàjẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ nínú ọ̀rá, kí ẹ sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga.

Tó bá ta sí ara ní ògidì, omi nìkan kò lè ṣí i. Ẹ fi òróró àgbọn tàbí òróró ìdáná nù ún kúrò, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi. Tó bá wọ ojú, ẹ da omi mímọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, kí ẹ wá lọ sí ilé ìwòsàn.

Tí ọmọ bá gbé e mu, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ọ̀fun tó bá bì í sókè lè jẹ́ kí ó já sínú ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì burú ju kí ó wà nínú ikùn lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń ṣeré: oorun, ikọ́ tàbí gìrì lè tẹ̀lé e. Ẹ mú ìgò náà dání, kí dókítà lè ka orúkọ Látìnì ara rẹ̀ kí ó sì rí iye tó ti dín.